Ìwúwo Ìtì Igi Tútù: Bí A Ṣe Lè Díwọ̀n Rẹ̀ Kí A Tó Gbé E

Àwọn kókó pàtàkì

• Ìtì igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí pé omi pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ igi tútù, omi máa ń tó ìdajì gbogbo ìwúwo igi náà.
• Bí gígùn ìtì igi bá di ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí sísanra rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin.
• Okùn ìwọ̀n aránṣọ àti ìṣirò kékeré kan ti tó láti díwọ̀n ìwúwo ìtì igi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
• Ìtì igi tútù tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 80.
• Ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ó wà ní ipò kìíní nínú ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ ní gbogbo àgbáyé. Ní ọdún 2020, ó bá ènìyàn mílíọ̀nù 619 fínra.
• Ìkìlọ̀ pé kí aláìsàn “má gbé ẹrù wúwo” kò wúlò bí aláìsàn náà kò bá mọ èyí tí ó wúwo. Òṣìṣẹ́ ìlera lè fi okùn oníkókó sọ ìkìlọ̀ náà di ohun tí a lè fojú rí.

Àkópọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń jẹun nípa igi gígé, igi lílà àti igi rírù. Lára wọn ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìlagi ní Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta àti ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà. Lára wọn pẹ̀lú ni àgbẹ̀ tí ń ṣán oko tuntun, àti ìyá tí ń ti inú igbó ru igi ìdáná bọ̀ wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ojú ni wọ́n fi ń wọn igi, ara ni ó sì ń sọ fún wọn nígbà tí ojú bá ti ṣìnà.

Ìwé yìí ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti mọ ìwúwo ìtì igi tútù. Ó tún fi han òṣìṣẹ́ ìlera bí ó ṣe lè lo ìdíwọ̀n náà nígbà tí ó bá ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, àti nígbà tí ìtì igi bá tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ìdí tí ojú fi ń ṣìnà

Ohun méjì ni ó ń mú kí a ṣi ìwúwo igi wò.

Èkínní ni omi. Igi tí ó wà láàyè kún fún omi, ọjọ́ tí a bá gé e kọ́ sì ni omi náà ń gbẹ. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti gbé igi gbígbẹ yóò rí igi tútù tí ó tóbi bákan náà, yóò sì rò pé ìwúwo kan náà ni wọ́n ní. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni sísanra. Ojú ènìyàn máa ń tètè rí gígùn, ṣùgbọ́n inú sísanra ni ìwúwo máa ń fara pamọ́ sí. Bí ìtì igi méjì bá gùn bákan náà, tí ọ̀kan sì sanra ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ìwúwo èyí tí ó sanra yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì. Bí ó bá sanra ní ìlọ́po mẹ́ta, ìwúwo rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tí ó gé igi tí ó sanra sí kúkúrú, tí ó rò pé òun ti dín ẹrù òun kù, lè máa gbé ohun tí ó wúwo ju igi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń díwọ̀n ìwúwo ìtì igi

Okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ ń lò dára fún iṣẹ́ yìí. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, ìyẹn mítà 1.5. Bí igi bá sanra jù ú lọ, ẹ fi okùn lásán yí igi náà ká, kí ẹ sì wọn okùn náà lẹ́yìn.

1. Ẹ wọn ìyípo igi náà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kì í ṣe ní ìdí níbi tí ó ti sanra jù, kì í sì í ṣe ní orí níbi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ wọn èèpo mọ́ ọn, nítorí pé èèpo pẹ̀lú ní ìwúwo.
2. Ẹ wọn gígùn ìtì igi náà láti ojú kan dé ojú kejì.
3. Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ ní mítà. Sẹ̀ǹtímítà 50 jẹ́ mítà 0.5.
4. Ẹ ṣe ìṣirò yìí: ìyípo × ìyípo × gígùn × 80. Ohun tí ẹ bá rí ni ìwúwo igi náà ní kìlógíráàmù.

Omi ni a ti rí 80 náà. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù 1. Igi roboto tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1, gba àyè tí ó tó ti omi lítà 80. Nígbà tí a bá wá ka igi tútù sí ohun tí ó wúwo bí omi, ìwúwo rẹ̀ yóò jẹ́ kìlógíráàmù 80. Èyí ju kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 mẹ́ta tí ó kún lọ.

Fún ìtì igi tútù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ìdíwọ̀n náà lọ báyìí:

• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 30: nǹkan bí kìlógíráàmù 7
• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 50: nǹkan bí kìlógíráàmù 20
• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 75: nǹkan bí kìlógíráàmù 45
• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 100: nǹkan bí kìlógíráàmù 80
• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 150: nǹkan bí kìlógíráàmù 180
• Ìyípo sẹ̀ǹtímítà 200: nǹkan bí kìlógíráàmù 320

Bí igi náà bá gùn ní mítà 2, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Bí a bá ti là á sí méjì ní gbọọrọ, ẹ mú ìdajì. Bí ihò bá wà nínú igi náà, ẹ kà á sí odindi, nítorí pé a kò lè mọ bí ihò náà ṣe jìn tó.

Ẹni tí kò ní okùn lọ́wọ́ lè fi ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Igi tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àgbàlagbà lè yí po, tí ìka sì kan ìka, ní ìyípo bí sẹ̀ǹtímítà 40. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 13. Igi tí àgbàlagbà ní láti fi apá méjèèjì gbá mọ́ra kí ọwọ́ tó kan ọwọ́ ní ìyípo bí mítà 1.5, mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 180. Kò sí ẹnì kan tí ó yẹ kí ó dá a gbé.

Irú igi àti bí ó ṣe ń léfòó

Gbogbo igi kọ́ ni ó wúwo bákan náà. Àwọn tí ń gba orí omi kó gẹdú ti mọ èyí tipẹ́: àwọn igi kan ń léfòó, àwọn mìíràn sì ń rì, tí ó fi jẹ́ pé a ní láti so wọ́n mọ́ àwọn tí ń léfòó kí a tó lè fà wọ́n lọ. Arère wà lára àwọn tí ń léfòó dáadáa. Igi tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní ekki wà lára àwọn tí ń rì.

Bí ìtì igi bá wà nínú omi, ìwọ̀n tí ó rì nínú rẹ̀ ni yóò sọ ìwúwo rẹ̀ fún wa. Bí ìdajì rẹ̀ bá rì, tí ìdajì sì yọ sókè, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti omi: ẹ fi 40 rọ́pò 80 nínú ìṣirò náà. Bí ó bá kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ rì, ẹ lo 80. Bí ó bá rì pátápátá, ẹ lo 100.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni igi náà wà, tí ẹ kò sì mọ irú igi tí ó jẹ́, ẹ lo 80. Bí a bá ka igi sí ohun tí ó wúwo jù bí ó ti rí lọ, kò sí ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde ju pé ẹrù yóò rọrùn ju bí a ti rò. Bí a bá kà á sí ohun tí ó fúyẹ́ jù bí ó ti rí lọ, ẹ̀yìn ni yóò san owó àṣìṣe náà.

Ẹrù wo ni ó pọ̀ jù?

Ní ọdún 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ dá a lábàá pé, níbi tí ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan ń fi ara rù bá ti ju kìlógíráàmù 55 lọ, kí a gbé ìgbésẹ̀ kánkán láti dín in kù dé ìwọ̀n náà. Àbá kan náà sọ pé ẹrù tí a ó gbé fún àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí èyí gidigidi. Ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi obìnrin sí iṣẹ́ ẹrù rírù nígbà tí ó bá lóyún, tàbí ní ọ̀sẹ̀ 10 lẹ́yìn ìbímọ, bí dókítà bá rí i pé iṣẹ́ náà lè pa òun tàbí ọmọ rẹ̀ lára.

Kìlógíráàmù 55 kì í ṣe ìwọ̀n tí kò léwu. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, nínú ìlànà rẹ̀ tí ó tún ṣe ní ọdún 1991, fi kìlógíráàmù 23 ṣe òpin fún ẹrù tí a ń fọwọ́ gbé nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọrùn: tí ẹrù náà súnmọ́ ara pẹ́kípẹ́kí, tí ó ṣeé dì mú dáadáa, tí a kò sì ní láti yí ara. Èyí kò tó kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tí ó kún. Bí ẹrù náà bá jìnnà sí ara ní ìlọ́po méjì, láti sẹ̀ǹtímítà 25 dé 50, òpin náà yóò dínkù sí ìdajì, ìyẹn nǹkan bí kìlógíráàmù 11 ààbọ̀. Ìtì igi tí ó sanra kì í sì í súnmọ́ ara. Sísanra rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń tì í jìnnà.

Bí ènìyàn méjì bá pa agbára pọ̀, wọn kì í lè gbé ìlọ́po méjì ẹrù ẹnì kan láìléwu. Ìlànà ààbò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àpapọ̀ agbára wọn ni kí a kà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lè gbé kìlógíráàmù 23, àwọn méjèèjì lè jọ gbé nǹkan bí 30, kì í ṣe 46.

Igi ìdáná

Ìṣirò kan náà ni a ń lò fún ẹrù igi ìdáná. Ẹ jẹ́ kí a mú igi tútù 10, tí ìyípo ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 4.8. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 48 lórí ẹni tí ó rù ú. Bí omi bá jẹ́ ìdajì ìwúwo náà, tí a sì jẹ́ kí igi náà gbẹ dáadáa kí a tó kó o wálé, ẹrù náà yóò sún mọ́ kìlógíráàmù 30. Igi gbígbẹ a máa jó dáadáa ju igi tútù lọ, èéfín rẹ̀ a sì máa dínkù. Ẹni tí ó bá dúró kí igi gbẹ ń dáàbò bo ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ẹrù igi lè ṣe sí ara

Ẹrù tí ó ju agbára lọ lè fa kí iṣan ẹ̀yìn ya, kí ìrọ̀rí tí ó wà láàrin àwọn egungun ẹ̀yìn yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tàbí kí ìpá tí ó wà tẹ́lẹ̀ le sí i. Ìtì igi tí ó bá yí tàbí tí ó bọ́ lọ́wọ́ lè tẹ ìka, ẹsẹ̀ tàbí àyà.

Nínú ènìyàn 10 tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn, nǹkan bí 9 ni a kì í rí àìsàn kan pàtó tí ó fà á. Púpọ̀ nínú wọn ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí aláìsàn máa rìn, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ tí ara rẹ̀ bá gbà. Kí ó má dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 lórí ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tí ó ti pẹ́, eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ara wà lára ohun tí ó dámọ̀ràn. Ìgbànú ẹ̀yìn wà lára ohun tí ó ní kí a má lò.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ìrora ẹ̀yìn bá wá pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí:

• ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí ìtọ̀ tí ó kọ̀ láti jáde;
• ibi ìjókòó tàbí abẹ́ tí ó kú tipiri;
• ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì tí ń rọ;
• ibà, tàbí rírù tí kò nídìí;
• ìrora tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú tàbí tí igi wó lù ú.

Bí ìpá bá ń dunni gan-an, tí kò ṣeé tì padà, tí ènìyàn sì ń bì, ọ̀ràn pàjáwìrì ni èyí náà.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera: okùn oníkókó

Aláìsàn tí ń ṣiṣẹ́ igi kì í sábà mọ iye kìlógíráàmù tí ó ń gbé, ṣùgbọ́n ó mọ igi rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: “Bàbá, igi tí ẹ máa ń gbé, ṣé ọwọ́ yín méjèèjì lè yí i po? Báwo ni ó ṣe gùn tó? Mélòó ni ẹ máa ń gbé lójúmọ́? Ṣé tútù ni tàbí gbígbẹ?” Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ìṣirò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Iye tí a kọ sílẹ̀ yóò ran ẹni tí yóò tún rí i lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ẹrù náà ti dínkù.

Nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ má kàn sọ fún un pé kí ó má gbé ohun wúwo. Ẹni tí oúnjẹ ilé rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà yóò máa gbé ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀. Ẹ fún un ní okùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ má ju kìlógíráàmù 10 lọ, ẹ ta kókó méjì sí okùn náà, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 20, kí àlàfo náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàlàyé fún un pé: “Igi tútù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, bí okùn yìí kò bá lè yí i po láti kókó dé kókó, ẹ má gbé e. Ẹ là á, tàbí kí ẹ gé e kúrú sí i.” Bí ara rẹ̀ bá ṣe ń le sí i, ẹ lè sún kókó náà síwájú.

Bí ìtì igi bá tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀

Ìtì igi tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí ó sì gùn ní mítà 3, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 540. Bí ènìyàn mẹ́rin bá sáré dì í mú, tí ó sì bọ́ padà, ìpalára kejì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdíwọ̀n kíákíá ni yóò sọ bóyá ọwọ́ lè gbé e tàbí kí a wá jáàkì ọkọ̀ tàbí ọ̀pá líle tí a ó fi gbé e sókè.

• Bí igi bá wà lórí àyà, ọrùn tàbí orí, kí a gbé e kúrò láìjáfara.
• Ẹ fi òkúta tàbí igi há ìtì náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má baà yí.
• Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí.
• Ẹ kọ àkókò tí igi náà wó lù ú sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí ẹrù wúwo bá ti tẹ itan tàbí apá mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí a bá gbé igi náà kúrò, pòtásíọ̀mù àti àwọn ohun olóró mìíràn lè tú sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè dá ọkàn dúró, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wà níbẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi iyọ̀ síláìnì sí iṣan aláìsàn kí a tó gbé igi náà kúrò, nǹkan bí lítà 1 ní wákàtí kan fún àgbàlagbà. Kí ó má lo Ringer's lactate, nítorí pé pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí ó tilẹ̀ ń sọ pé ara òun ti yá. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, àmì ewu fún kíndìnrín ni.

Ìdènà

• Ẹ díwọ̀n igi kí ẹ tó pinnu ibi tí ẹ ó ti gé e. Igi tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 1 gbọ́dọ̀ kúrú tó sẹ̀ǹtímítà 25 kí ó tó wúwo bí kìlógíráàmù 20.
• Ẹ la igi tí ó sanra sí wẹ́wẹ́ níbi tí ó wà kí ẹ tó gbé e.
• Ẹ yí ìtì igi dípò kí ẹ gbé e. Ẹ lo ọ̀pá ìyígi, kẹ̀kẹ́ ẹrù tàbí ọmọlanke. Ẹ má dúró sí ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun.
• Ẹ jẹ́ kí igi ìdáná gbẹ kí ẹ tó kó o wálé.
• Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ kọ ìdíwọ̀n náà sí ara ògiri níbi iṣẹ́, kí ẹ sì so okùn ìwọ̀n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má san owó fún ènìyàn lórí pé ó dá gbé ohun tí ó yẹ kí ẹ̀rọ gbé.
• Kí a má fi ọmọdé sí iṣẹ́ ìtì igi gbígbé rárá.

Ìṣẹ́jú kan péré ni wíwọn igi ń gbà. Ẹ̀yìn tí ó bá ti bàjẹ́ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ ẹni tí ń fi agbára ara rẹ̀ bọ́ ilé. Kí a wọn igi kí a tó gbé e, kí iṣẹ́ lè máa lọ, kí ara sì lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.